Kí n má bẹ̀ wọ́n mọ́

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, kálẹ́ńdà ìjọ, rìsíìtì fún àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì, ohun tó ń gbọ́ bùkátà mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, pósítà ló máa ń gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀ débi pé mo mọ ọ̀rọ̀ tí olóṣèlú máa ní kí n kọ sábẹ́ àwòrán òun kó tó lanu. Ìrètí. Ìyípadà. Ìtẹ̀síwájú. Ẹni yín ni mí. Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ méjì tó ń bú ara wọn lórí rédíò gbé gbólóhùn kan náà wá bá mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ fún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọ̀ nìkan ni mo pààrọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùdíje yẹn ṣì jẹ mí lówó dòní. Ó wọlé, ó lo ọdún mẹ́rin rẹ̀ pé, nọ́ńbà tó fi ń pè mí nígbà ìpolongo kò lọ mọ́.

Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Kò sí òwò tí kò ní gbèsè nínú. Ohun tó ń ká mi lára ni bébà.

Rímù bébà kan tí à ń rà ní nǹkan bí 1,500 náírà kí kòrónà tó dé ti kọjá 5,000. Íǹkì ò ṣeé fọwọ́ kàn. Òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń bọ̀, dọ́là sì ni àwọn tó ń kó o wọlé fi ń rà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ti wọ nǹkan bí 500. Nínú oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là tí báńkì ń ṣírò ní nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó dé ìdajì. Nínú oṣù Keje ọdún náà, wọ́n fọwọ́ sí 70,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i, àwa tó ń lọ sọ́jà ń ṣírò iye kóńgò gàrí tó wà nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ àwíjàre àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, n kò sì sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Owó ìrànwọ́ yẹn, àwọn kan ló ń jẹ ẹ́ mọ́ wa lẹ́nu, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ní kí á fara dà á, èmi ni mò ń tẹ ìwé ìpè ayẹyẹ wọn. Mo mọ irú bébà tí wọ́n ń mú.

Orílẹ̀-èdè yìí dá ilé-iṣẹ́ bébà mẹ́ta sílẹ̀: ọ̀kan ní Jẹ́bà, ọ̀kan ní Oku Iboku lọ́hùn-ún, ọ̀kan ní Ìwópìn tó wà nítòsí ààlà àwa àti ìpínlẹ̀ Ògùn. Nítorí àtimáa ṣe bébà ni wọ́n ṣe gbin igi mẹ́línà lọ súà nínú igbó ọba tó ń jẹ́ Olúwa, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Igi náà hù. Ó dàgbà. Bébà ni kò jáde. Àwọn onígẹdú ló wá ń gé mẹ́línà náà là sí pákó, ó sì ṣeé ṣe kí àga tí mo jókòó lé bí mo ṣe ń kọ èyí jẹ́ ara bébà tí kò rí ayé wá.

Bítúmẹ́nì ńkọ́? Láti nǹkan bí ọdún 1908 ni ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ti ń lu ilẹ̀ ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ wa nítorí ọ̀dà dúdú yẹn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sí olùdíje gómìnà tí mo tẹ ìwé ètò rẹ̀ rí tí kò ní fi bítúmẹ́nì sí i. Gbólóhùn náà wà nínú kọ̀ǹpútà mi, n kì í tún un tẹ̀ mọ́, orúkọ ẹgbẹ́ ni mo máa ń yọ kúrò níbẹ̀ kí n fi òmíràn sí i.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run bá mi fi ọ̀run kẹ́ wọn, kì í dákẹ́ ọ̀rọ̀ ọdún 1983. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àjọ elétò ìdìbò kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ti ẹgbẹ́ NPN ló wọlé sípò gómìnà, pé Adékúnlé Ajáṣin ti UPN ti fìdí rẹmi. Ìlú gbiná. Wọ́n sunlé, wọ́n sun mọ́tò, wọ́n pa èèyàn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì dá a fún Ajáṣin. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ológun fi gba ìjọba lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, tí gbogbo rẹ̀ sì di asán. N kò yin iná yẹn, ẹ̀mí tó bá a lọ kò ṣeé yìn. Àmọ́ mo máa ń rò ó pé báwo ni èèyàn ṣe gba pélébé ìwé ìdìbò gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ìbò gómìnà tiwa nìyẹn, Lucky Ayédatiwa sì wọlé ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18. Àwọn tó ní orúkọ nínú ìwé olùdìbò lé ní mílíọ̀nù méjì. Àwọn tó jáde lé díẹ̀ ní 500,000. Àwọn kan dìbò kí wọ́n lè sebẹ̀. Èmi dìbò tèmi, n ò gba owó, n ò sì retí nǹkan kan. Àwọn tó pọ̀ jù fọ aṣọ, wọ́n sùn. Kò sẹ́ni tó bínú. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó ti rẹ ìlú nìyẹn, nítorí ẹni tó ṣì ń retí nǹkan ló ń bínú.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ẹni tí mo bá jókòó tì ní Àkúrẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ oko. Olùkọ́ yunifásítì tó ń tẹ ìwé lọ́dọ̀ mi ti ra éékà mélòó kan. Obìnrin tó ń ṣerun ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ń sin ẹja nínú táǹkì lẹ́yìnkùlé. Èmi náà ò gbẹ́yìn. Bàbá mi fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wa ní ọ̀nà Ìdànrè, apá kan jẹ́ kòkó tó ti gbó, apá kejì ti di igbó. Bí iná bá lọ lóru tí ooru mú, mo máa ń kọ́ ilé kan síbẹ̀ nínú ọkàn mi. Yàrá méjì, kànga, sólà lórí òrùlé. Ẹ̀gẹ́ àti àgbagbà lẹ́yìn ilé, ewúro, tẹ̀tẹ̀, ata, adìyẹ ìbílẹ̀, ọ̀pẹ díẹ̀ fún epo. Iyọ̀ nìkan ni màá máa rà. Bí wọ́n bá sọ lítà epo di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kí ló kàn mí? Bí gómìnà bá kú, bí gómìnà bá jẹ, n ó máa gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìtàn ìlú òkèèrè.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń dáko níbẹ̀. Mo sọ èrò mi fún un nígbà tó kó àgbagbà wá sílé. Ó rẹ́rìn-ín títí.

“Àǹtí mi, iyọ̀ nìkan?”

Ó wá ń kà á fún mi. Àdá ń kọ́? Bàtà òjò? Oògùn apakoríko? Èyí tí à ń fín sára kòkó kó má bàa dúdú lórí igi? Ajílẹ̀? Owó àwọn lébìrà, tí wọ́n ní àwọn ò gba iye tèṣí mọ́ nítorí gàrí? Owó ọlọ́kadà tó ń kó ẹrù jáde, nítorí mọ́tò ò lè wọ ọ̀nà yẹn bí òjò bá ti dá sí i? Ó ní oògùn tí òun ń fín, dọ́là ló ń bá rìn bíi bébà tèmi. “Ẹ kàn máa kúrò nídìí bébà bọ́ sídìí oògùn ni.”

Bẹ́ẹ̀ gbogbo ìjọba ló ti ń ní kí á padà sóko. Ọbásanjọ́ ìgbà ológun gbé Operation Feed the Nation dé ní 1976. Ṣàgàrí gbé Green Revolution dé ní 1980. Babangida gbé DFRRI dé ní 1986, ó ní ọ̀nà àti omi yóò dé ìgbèríko. Ọ̀nà tó lọ sóko wa, ẹsẹ̀ bàbá mi ló là á.

Ti kòkó tilẹ̀ le jù. Nígbà tí bàbá mi ń dáko, bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó ló ń dá iye rẹ̀. Láti 1947 ni bọ́ọ̀dù ti wà, àwọn àgbẹ̀ sì ń kùn pé ó ń rẹ́ àwọn jẹ, pé owó kòkó ló ń kọ́ ìlú fún àwọn tí kò mọ igi kòkó. Wọ́n tú u ká ní 1986, ẹnu ọjà ló kù. Ní ọdún 2024, òjò àti àrùn ba kòkó jẹ́ ní Ghana àti Côte d'Ivoire, iye tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là, ó tilẹ̀ kọjá 12,000 nígbà tí ọdún ń parí lọ. Àwọn tí kò wẹ̀yìn wo oko bàbá wọn rí sáré padà, àwọn ẹbí ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí igi tí ẹnikẹ́ni ò ro ìdí rẹ̀. Àbúrò mi kọ́ ilé ìdáná tuntun. Nígbà tó di 2025, iye náà já wálẹ̀ gan-an. Kí ni àbúrò mi ṣe tó fi wọ́n? Kí ló ṣe tó fi já? Ó dúró sójú kan náà, ní ọ̀nà Ìdànrè, wọ́n ń pinnu rẹ̀ ní London àti New York.

Ẹni tí mo máa ń rò bí èrò oko bá ti ń gbé mi lọ ni Olóyè Olú Fáláè, ọmọ Àkúrẹ́ wa. Àwọn ni akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ nígbà tí Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, wọ́n di mínísítà ètò ìnáwó lẹ́yìn náà, wọ́n sì díje fún ipò ààrẹ ní 1999. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, oko ni wọ́n gbà lọ. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ni wọ́n pé ẹni ọdún 77. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ajínigbé gbé wọn nínú oko wọn lẹ́bàá Àkúrẹ́, wọ́n sì wà lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹni tó ti di ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè mú lọ́wọ́ kò bá rí oko sá sí, ibo ni tèmi fẹ́ gbà? Amọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní 2020 jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, àbúrò mi kì í sun oko mọ́.

Ibì kan wà ní ìpínlẹ̀ wa yìí tí wọ́n ti ṣe é lóòótọ́, tí kì í ṣe àlá òru. Ayétòrò ni, létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ní 1947, àwọn aládùúrà kan láti inú Kérúbù àti Séráfù kó ara wọn jọ sórí ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n to pákó lé e, wọ́n ń gbé orí rẹ̀. Apẹja ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n fi ẹnu kò pé kò sí ẹni tí yóò ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí oníkálukú bá rí, àpò kan náà ló ń lọ, inú àpò náà ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń jáde fún gbogbo wọn. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì. Ní àwọn ọdún 1950, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn onímọ̀ wá láti òkè òkun kí wọ́n lè mọ bí àwọn apẹja ṣe rí i ṣe.

Kí n má parọ́, n kò lè gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀. Àṣẹ Ọba wọn múlẹ̀ lórí gbogbo nǹkan, ìgbà kan sì wà tí ọkùnrin ń gbé apá tirẹ̀, tí obìnrin ń gbé apá tirẹ̀, tọkọtaya náà ò gbẹ́yìn. Tí wọ́n bá ní kí n kó èrè ṣọ́ọ̀bù mi sínú àpò kan, màá kọ́kọ́ béèrè ta ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ní tara wọn, àjùmọ̀ní náà sì tú díẹ̀díẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó tó ogún ọdún kó tó tú.

Báyìí, òkun ti ń jẹ Ayétòrò. Ó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ó gba ilé ìwé, ó gba ibi tí wọ́n ń sin òkú sí. Láti àárín àwọn ọdún 2000 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun náà fún agbaṣẹ́ṣe, wọ́n tún un gbé jáde, ìdènà kò sí níbẹ̀. Epo rọ̀bì sì ń jáde nínú omi Ìlàjẹ kan náà. Ní ti iná mànàmáná, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ yìí lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá láìrí iná ìjọba rárá.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ ọmọ Ayétòrò gbé ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá. A tò ó dé ibi tí a máa ń kọ ibi ìsìnkú sí, ó ní, “Mọ̀mí, ẹ fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ ná, ẹbí ò tíì fẹnu kò sí ilẹ̀ tó máa dúró.” Mo bi í pé ṣé àwọn bàbá wọn tó dá nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe ò lè kó ara wọn jọ sé omi náà ni? Kò bínú sí ìbéèrè mi. Ó ní wọ́n dán an wò, wọ́n kó iyanrìn, wọ́n kó igi. “Ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ṣe, wọ́n ṣe é. Ògiri òkun, owó ìjọba ló ń kọ́ ọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú ilé tí mò ń kọ́ lóru ká. Ìlú kan gbogbo, tó jẹ́ onígbàgbọ́, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì fi ẹnu kò, kò lè dá wà. Èmi obìnrin kan pẹ̀lú adìyẹ mẹ́fà wá fẹ́ dá wà ní ọ̀nà Ìdànrè. Bí mo bá wádìí ọkàn mi dáadáa, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ nílò ẹnikẹ́ni ni mò ń lépa. Bíbẹ̀bẹ̀ ló sú mi. Mo fẹ́ kí iye ohun tí àwọn olóṣèlú yẹn lè fi dù mí dín kù, kí ó jẹ́ àwọn tí mo mọ ilé wọn, tí àwọn náà mọ tèmi, ni màá gbára lé fún ìyókù. Ti ògiri òkun, a ò lè yé bá ìjọba jà lórí ẹ̀, nítorí kò sí owó àjọ tó lè kọ́ ọ. Ti bébà ńkọ́?

Àwa atẹ̀wé mélòó kan ní àdúgbò kó ara wa jọ. Tẹ́lẹ̀, oníkálukú ló ń dá lọ sí Ṣómólú ní Èkó, tó ń ra díẹ̀ tí agbára rẹ̀ gbé, tó ń san owó ọkọ̀ odidi. Ẹni tí kò bá lè lọ, lọ́wọ́ àwọn alágbàtà Àkúrẹ́ níbí ló ń rà á ní iye tó bá wù wọ́n. A wá ń dá owó jọ, ẹnì kan á lọ fún gbogbo wa, ọkọ̀ kan á gbé e dé, a pín in. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró lóko náà ni, òní tìrẹ, ọ̀la tèmi. Iye bébà kò já nítorí tiwa, dọ́là ò mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n èyí tí alágbàtà ń jẹ ti kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún ń dá iṣẹ́ padà láàárín wa nítorí pé bébà tán.

A fẹnu kò sí nǹkan kejì: kò sí àwìn fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí yọjú nítorí ìbò 2027. Ẹnì kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ọ̀gá òun yóò san lẹ́yìn tí ètò bá parí. Mo ní ẹ máa bọ̀. Ó wọ ti ẹnì kejì, ó wọ ti ẹnì kẹta. Ó padà wá, ó sì san gbogbo rẹ̀ kí n tó tan ẹ̀rọ. Mo bá a kọ “ìrètí” síbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà.

Kì í ṣe pé a ò jà o. Ọ̀kan nínú wa ta bébà tirẹ̀ fún ilé ìwé kan kó lè rí èrè kíákíá, ó wá fẹ́ yá lára tàwa. Àwọn kan ní kí á lé e. Èmi wà lára àwọn tó ní kí á má lé e, nítorí òun ló mọ mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ agébébà ṣe láìjalè. A bu owó ìtanràn lé e, ó kùn, ó san án.

Sólà ló wà nílẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ agébébà ń fa iná púpọ̀, bẹntiróòlù sì ń gbé èrè lọ. A fẹ́ dáwó ra èyí tí yóò gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí gbogbo wa máa gé bébà níbẹ̀. Àwọn kan ti fẹ́, àwọn kan ń bẹ̀rù bátìrì, pé bó bá kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan ta ni yóò rà á. Àgbà inú wa, Bàbá Oníkálẹ́ńdà, ní ìyẹn kọ́ ni ìṣòro, pé kí á kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa gbé bátìrì sùn nílé nítorí olè. Gbogbo wa wo ojú wọn. Ìyàwó wọn, tó ń to ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní ẹni tó bá gbé bátìrì wọlé òun yóò wá ibòmíràn sùn pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí ìpàdé parí sí nìyẹn, a sún un di oṣù tó ń bọ̀.